Sọ Òkò, Má Sọ Ibi Tó Bà

Ẹ BI ÌYÁ ONÍTÀN

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tó wọlé. Ẹ̀kíní gùn, ìdáhùn mi sí i sì gùn jù ú lọ. Ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: eré àjùmọ̀kọ tí à ń sọ níbí ni èyí táwọn eléré ń pè ní RP. Èèyàn méjì, tàbí ogún, á jókòó sídìí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọn, oníkálukú á dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, wọ́n á sì jọ máa kọ ìtàn kan ṣoṣo. Ẹnì kan á kọ ìpínrọ̀ kan, ẹlòmíì á gbà á níbi tó parí sí.

*

Ìyá Onítàn, ẹ kú iṣẹ́ o, mà.

Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń kọ ẹ̀dá-ìtàn kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká nínú eré wa. Atukọ̀ ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe gé. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, mo ń dúró de ọjọ́ tí yóò jáde. Àyọ̀ká kì í sunkún lójú èèyàn, gbogbo ẹni tó wà nínú eré ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ ń kọ ìran náà, tó ni Adérójú ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ti kọ ìpínrọ̀ mẹ́fà sílẹ̀. Nínú rẹ̀, Adérójú bá Àyọ̀ká wí, Àyọ̀ká bú sẹ́kún, ó wó lé Adérójú láyà, ó sì jẹ́wọ́ pé ìgbà tóun ń gba àbúrò òun sílẹ̀ lẹ́nu ẹranko ni ọwọ́ náà gé. Mà, Àyọ̀ká ò lábùúrò!

Mo fẹjọ́ sùn. Ẹni náà ní òun rò pé inú mi máa dùn pé òun bá mi mú ìtàn yára, pé eré ṣáà ni. Alákòóso eré ní kí n máa bá a lọ, torí èèyàn mẹ́ta ti kọ tiwọn lé e. Ó wá ń ṣe mí bíi kí n má wọlé mọ́. Ṣé mo ń ṣe àṣejù ni?

Atukọ̀ Ọlọ́wọ́-kan

*

Ọmọ mi, o ò ṣe àṣejù rárá.

Èmi náà gbà pé eré ni. Ẹni méjì ń ta ayò, ó kàn ọ́, o ò tíì nawọ́, ẹnì kejì ti bá ọ ta tìrẹ. Eré náà ni ayò. Ṣé ẹ ó ṣì máa ta á?

Wo iye nǹkan tó gbà lọ́wọ́ rẹ lóru ọjọ́ kan. Ó gba ara Àyọ̀ká, torí òun ló pinnu ibi tó wó sí. Ó gba ojú rẹ̀, omijé jáde níbẹ̀. Ó gba ẹnu rẹ̀, ẹnu náà jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá gba àná rẹ̀, èyí tó dùn mí jù. Omijé lè gbẹ nínú ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbúrò tí wọ́n ti bí sínú ìtàn, báwo lo ṣe fẹ́ dá a padà síbi tó ti wá?

Àwọn eléré ní orúkọ fún un. Àwọn kan ń pè é ní powerplaying, àwọn mìíràn ń pè é ní godmodding, àwọn kan tún máa ń jà lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Mi ò bá wọn dá sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ẹ̀dá tó jẹ́ tìrẹ rìn, nígbà tí o ò sí nílé.

Kí n tó bá onítọ̀hún wí jù, kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nínú eré kan tí mo wà tipẹ́tipẹ́, adájọ́ arúgbó kan ni mò ń kọ, tó ti dájọ́ pé kí wọ́n sun abúlé kan. Ẹlòmíì ní ọmọ ogun kan tí gbogbo ẹbí rẹ̀ kú sínú iná yẹn. Ìtàn dé ibi tí adájọ́ mi fẹ́ kú. Mo kọ ikú náà, ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́, fìtílà ń jó lọ, afẹ́fẹ́ ń mi aṣọ ojú fèrèsé. Mo wá kọ gbólóhùn tó parí rẹ̀: "Ọmọ ogun náà wo ojú arúgbó náà, ó sì dárí jì í."

Ẹni tó ni ọmọ ogun náà ò kọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi: "Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi kọ ìbínú yẹn." Kò bú mi. Kò sì padà wá.

Ó pẹ́ kí ohun tí mo ṣe tó yé mi. Mo fẹ́ kí ikú adájọ́ mi dùn ún kà, ìdáríjì ló sì kù kó fi dùn. Dípò kí n jẹ́ kí arúgbó náà bẹ̀bẹ̀ kí n sì máa wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mo lọ yọ ìdáríjì náà lápò ẹlòmíì. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ogun yẹn kọ̀yìn sí i. Ó ṣeé ṣe kó tutọ́ sílẹ̀. Èyíkéyìí tó bá ṣe nínú méjèèjì ì bá sàn ju tèmi lọ, torí òun ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé eré wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1978, ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré kan tó pè ní MUD, Richard Bartle sì bá a gbé e dé ibi tó dé. Ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ayé ibẹ̀, kò sí àwòrán, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ayé míì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn ni LambdaMOO tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní 1990. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí. Bí o bá fẹ́ kí ẹ̀dá rẹ ṣe nǹkan, wàá tẹ àmì oníkókó méjì, wàá wá kọ ìṣe náà, bíi "rẹ́rìn-ín". Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa fi orúkọ ẹ̀dá rẹ sí iwájú. Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Bí o bá gba ọ̀nà tó tọ́, kò sí bí gbólóhùn tí o kọ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì. Ọgbà wà níbẹ̀.

Ní 1993 ẹnì kan fo ọgbà náà. Ó lo ètò kékeré kan tó ń mú gbólóhùn jáde pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹlòmíì, ó sì mú kó dà bíi pé àwọn ẹ̀dá wọn ń ṣe ohun ìtìjú tí wọn ò ṣe, lójú gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ibẹ̀. Julian Dibbell, akọ̀ròyìn, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ṣe é sí sọ fún un pé omijé ń dà lójú òun bí òun ṣe ń kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Wọ́n jiyàn títí lórí rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso yọ onítọ̀hún kúrò, nígbà tó sì yá Curtis ṣètò ìbò kí àwọn eléré lè máa pinnu ọ̀ràn fúnra wọn.

Mi ò fi tìrẹ wé tiwọn o. Ohun tí ẹni yẹn ṣe burú ju èyí lọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè bu èèyàn kù ni. Àmọ́ ọ̀nà tí méjèèjì gbà wọlé kan náà ni: gbólóhùn tó wọ aṣọ orúkọ rẹ, tí ìwọ ò sì kọ. Ibi tí à ń kọ eré sí lónìí, lórí Discord àti níbòmíràn, àpótí ọ̀rọ̀ gbalasa ni. O lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kò sẹ́rọ tó máa dá ọ lọ́wọ́ kọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí dáìsì. Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, bí mo bá gbé idà sí ọ, dáìsì ló máa sọ bóyá idà náà bà ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni ẹ̀dá ló wà nípò dáìsì nínú tiwa. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà dípò onítọ̀hún ti ju dáìsì fún ara rẹ̀, ó sì ti sọ fún wa pé mẹ́fà ló yọ.

Àmọ́ àwa tí à ń fi Yorùbá kọ, èdè wa fúnra rẹ̀ ti ṣe ọgbà kan sílẹ̀ bí a bá fẹ́ lò ó. Wo gbólóhùn méjì yìí. "Adérójú ju ọ̀bẹ sí Àyọ̀ká." "Adérójú ju ọ̀bẹ gún Àyọ̀ká." "Sí" yẹn kéré lójú, àmọ́ ilẹ̀kùn ni. Ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ni Àyọ̀ká: ọ̀bẹ lè gún un, ó lè tàsé, ó lè rì sára òpó ọkọ̀, Àyọ̀ká sì lè fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó kù hán an. "Gún" ti ilẹ̀kùn pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó sọ òkò sí i" ṣe yàtọ̀ sí "ó sọ òkò lù ú", tí "ó nawọ́ sí i" sì yàtọ̀ sí "ó fà á mọ́ra". Sọ òkò rẹ bó ṣe wù ọ́. Má ṣáà sọ ibi tó bà.

Ọ̀rọ̀ inú ló le jù, ibẹ̀ sì ni èdè wa ti máa ń dẹ pàkúté fún wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe èèyàn ló ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn Yorùbá nípa ọ̀rọ̀ inú; nǹkan náà ló ń ṣe èèyàn. Ẹ̀rù ń bà á. Inú ń bí i. Ojú ń tì í. Àánú ń ṣe é. Nítorí èyí, ó rọrùn kí o kọ "ẹ̀rù ba Àyọ̀ká nígbà tí Adérójú wọlé" kí o sì rò pé Adérójú lò ń júwe. Ẹ̀rù lo fi ṣe olùwà, o ò rántí pé ara ẹlòmíì lo rán an sí. Èmi, bí mo bá ti kọ tèmi tán, mo máa ń padà lọ wá gbogbo ibi tí orúkọ ẹ̀dá ẹlòmíì wà. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ̀dá tèmi fojú rí tàbí fetí gbọ́ ni, mo fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ onítọ̀hún, mo pa á rẹ́.

Ká ní báyìí ni ẹnì kejì rẹ kọ ọ́ ńkọ́?

"Adérójú ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. 'Ọwọ́ yẹn,' ló wí, 'ta ló gé e?' Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì, ó sì dúró."

Kò fọwọ́ kan Àyọ̀ká. Síbẹ̀, ó ti fún un mọ́ ibì kan ju ìpínrọ̀ mẹ́fà yẹn lọ, torí ìbéèrè ti wà nílẹ̀, ìwọ nìkan lo sì lè dáhùn. Bí mo bá jí bá irú èyí láàárọ̀, mi ò ní lè dúró kí n tó kọ tèmi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ìtàn ò ní lọ síwájú bí a bá ń tọrọ àyè lórí ohun gbogbo. Òótọ́ ni. Àwọn tó ti jọ ń kọ tipẹ́ máa ń fún ara wọn láyè: bá mi gbé Àyọ̀ká wọ ọkọ̀, kí ìran lè bọ́ sí ibòmíì. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́. Kì í ṣe bí ìṣe náà ṣe kéré ló sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Ó ku ohun tí o máa ṣe. Kọ sí i níkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ sójú gbogbo èèyàn. Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹ́ràn bí o ṣe ń kọ Adérójú. Ẹkún àti ìjẹ́wọ́ Àyọ̀ká, èmi kọ́ ni mo kọ wọ́n, ìtàn àbúrò yẹn sì ba ohun tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún méjì jẹ́. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká tún apá yẹn kọ láti ibi tí Adérójú ti bá a wí. Bá mi fi ara àti ẹnu Àyọ̀ká sílẹ̀ fún mi. Bí ìtàn bá ń falẹ̀ lọ́wọ́ mi, sọ fún mi, màá tètè máa dáhùn." Má yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò. Àìsùúrù ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀, kì í ṣe ìwà ibi.

Bí wọn ò bá fẹ́ tún un kọ nítorí àwọn mẹ́ta tó ti kọ lé e, ọ̀nà kan wà tí kò nílò àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: Àyọ̀ká purọ́. Ó rí i pé Adérójú ti ń súnmọ́ àṣírí náà jù, ó wá ju ẹkún àti àbúrò tí kò sí fún un kó lè máa gbé ìyẹn jẹ lẹ́nu. Irọ́ tó jáde lẹ́nu Àyọ̀ká, ìwọ lo ni ín. Lóòótọ́, ìyẹn máa sọ Adérójú di ẹni tí wọ́n tàn, àmọ́ ẹni tó ni ín ló máa pinnu ìgbà tó máa mọ̀, àti bóyá ó máa mọ̀ rárá. Má lọ kọ ọ́ pé Adérójú ló gbọ́ òdì o, ìyẹn ti di ohun tí òun náà ṣe sí ọ. Bó bá sì ń ká ọ lára pé o gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n tún ohun tí ẹlòmíì bàjẹ́ ṣe, má ṣe é. Kò pọn dandan.

Fún alákòóso yín, kó má bínú sí mi: èèyàn mẹ́ta tó kọ lé ìpínrọ̀ kan lè tún tiwọn kọ láàárín wákàtí kan. Níbi eré orí tábìlì, àwọn kan máa ń lo X-card tí John Stavropoulos ṣe. Káàdì kan ni, wọ́n kọ X sí i, ó wà láàárín tábìlì. Ẹni tí nǹkan kan nínú eré bá ń ni lára á fọwọ́ kàn án, wọ́n á yọ nǹkan náà kúrò, wọn ò sì ní bi í ní ìdí. Ẹ lè ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí, tí ẹ ó kọ sínú àkámọ́ méjì-méjì tí ọ̀pọ̀ eléré fi ń ya ọ̀rọ̀ tara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀dá-ìtàn. Ẹni tó bá kọ ọ́, kí gbogbo yín dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, alákòóso ló sì ni ọjà yẹn.

*

Ìyá Onítàn, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn nínú eré wa. Mi ò rú òfin kankan. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀dá ẹnikẹ́ni. Jagunjagun ni ẹ̀dá tèmi, kò tíì pàdánù ìjà kankan, ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń san lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gbọ́ ohun tí èèyàn ń rò nínú. Ó dà bíi pé ìlara ni wọ́n ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?

Aláìfarapa

*

Ìlara kọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Wọ́n sọ òkò, kò bà. Wọ́n tún sọ ọ́, ó bà, ọgbẹ́ san kí wọ́n tó kọ ìpínrọ̀ kejì. O ò sọ ibi tí òkò tìrẹ bà wọ́n, ìyẹn dáa, àmọ́ o ti sọ gbogbo òkò tiwọn di òwú. Ìlàjì ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ẹ̀dá ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lè ṣe nǹkan sí tìrẹ, kí nǹkan náà sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti gbígbọ́ ohun tí wọ́n ń rò, ibo lo ti ń gbọ́ ọ? Ẹni tó kọ èrò ẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀, àwa tí à ń kà á ló kọ ọ́ fún, kò kọ ọ́ fún jagunjagun rẹ. Bó bá pọn dandan kó ní agbára yẹn, máa béèrè nígbà gbogbo: "Kí ni jagunjagun mi máa gbọ́ báyìí?" Bí wọ́n bá ní kò ní gbọ́ nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan náà nìyẹn.

Ní 1973, Paula Smith fi àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin inú ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n kan, ń kọ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó mọ gbogbo nǹkan tí gbogbo èèyàn sì fẹ́ràn. Ó sọ tirẹ̀ ní Mary Sue, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n pe tìrẹ bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá tíì máa pè é lẹ́yìn rẹ.

Lọ bá ẹnì kan nínú eré yín. Sọ fún un pé o fẹ́ kí jagunjagun rẹ pàdánù ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀dá tirẹ̀, kó sì yan ohun náà fúnra rẹ̀. Wo bóyá wọn ò ní dá ọ lóhùn.

*

Ìyá Onítàn, mo kí yín. Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ mi ló fi eré yìí mọ̀ mí, mo sì ti wá fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ̀dá tèmi, alágbẹ̀dẹ kan, ń múra láti fẹ́ ẹ̀dá obìnrin kan nínú ìtàn. Ẹni tó ń kọ obìnrin náà ò wọlé mọ́ láti oṣù márùn-ún. Àwọn yòókù ní kí n fi ibà pa á kí ìtàn lè máa lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Alágbẹ̀dẹ

*

Ẹ kú ìfaradà, sà. Ohun tí ọkàn yín kọ̀ yẹn, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Bí òfin eré yín bá ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ẹ̀dá ẹni tó bá lọ, òfin náà ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí òun náà gbà á nígbà tó wọlé. Bí kò bá sí òfin, ẹ kọ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá ọjọ́ fún un, ẹ má sì dá a lẹ́bi. A ò mọ ohun tó dé bá a. Tí ọjọ́ bá pé tí kò fèsì, ẹ wá ohun tó máa gbé obìnrin náà kúrò lójú ìtàn láìfọwọ́ kan ara rẹ̀. Wọ́n pè é lọ sọ́nà jíjìn, ọ̀nà sì dí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má pa á, ẹ má gbé e fún ọkọ míì, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó lọ lè padà wá. Kò sì yẹ kó wá bá òkú ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ni dídúró alágbẹ̀dẹ náà. Ṣé ó ṣì ń rọ òrùka náà? Ṣé ó ti tún un yọ́? Ohun tí ẹ máa kọ pọ̀ níbẹ̀ ju ibà lọ.

Èmi náà fi ẹ̀dá kan sílẹ̀ nínú eré kan rí, nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Orí àkàsọ̀ ni mo fi í sí, ó ń gun òrùlé lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ kalẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀.

*

Ẹ káàsán, mà. Nígbà tí à ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn eré, ọ̀rẹ́ mi sọ fún wa pé ẹ̀dá tòun ló ń fi májèlé sínú ife ọba. Oníṣègùn ọba ni ẹ̀dá tèmi. Ṣé kò wá lè fura ni?

Oníṣègùn

*

Ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún, kò sọ fún oníṣègùn. Bí oníṣègùn bá jí lọ́la tó sì lọ tààrà síbi ife náà láìsí ìdí, àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ lo fi ṣe oògùn, kò sì ní sọ nǹkan kan fún ọ mọ́.

Àmọ́ oníṣègùn tí ọba rẹ̀ ń rù lójoojúmọ́ tí kò wá ìdí kankan, òun náà ò dáa. Kọ ohun tí oníṣègùn máa ṣe ká ní o ò gbọ́ nǹkan kan: ó wo ojú ọba, ó wo èékánná rẹ̀, ó béèrè bó ṣe sùn. Lẹ́yìn náà kí o bi ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́yìn eré pé, "Kí lo fẹ́ kí oníṣègùn mi rí?" Bó bá ní kò rí nǹkan kan, kó máa wò ó lọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa wí. Ẹni tó ń fi májèlé sínú ife láti ìgbà yìí, tó sì wá sọ ọ́ fún gbogbo yín, ó jọ pé ó ti ń dúró de ẹni tí yóò gbé ife náà sún mọ́ imú.